Oníhò-Mẹ́fà

Wọ́n gbé e wá láti Èkó nínú páálí tí òjò ti pa,
àpótí kékeré kan, kò tó agolo bisikíìtì,
okùn iná kan nídìí, rọ́bà mẹ́fà lẹ́nu.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì wa ní Àgọ́-Ìwòyè,
ó nù ún, ó sì sọ ọ́ lórúkọ.
Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó yí lọ.
Kí ó yí, kí omi gbágùúdá wọlé;
kí ó yí padà, kí omi mímọ́ lé e jáde.
Oró inú gàrí ni à ń wá,
igo láti Orù, igo láti Awà, igo láti Ìlápòrú,
orúkọ ẹni tó fún un lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ń yí i.
Mo tẹ bọ́tìnì, ó dún: kọ̀,
bí èékánná tó pa iná orí.
Kọ̀, mo kà á. Kọ̀, mo kà á.
Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dúró tì í
bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Nígbà tó yá, ó kọ́ mi ní ti aago:
ìṣẹ́jú méjì fún gbígbà, ogójì sẹ́kọ́ńdì fún fífọ̀,
kọ ọ́ sínú rẹ̀, kí o lọ jẹun.
Mo lọ jẹun.
Nígbà tí mo fi dé, ó ti yí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án,
ṣùgbọ́n igo kẹrin ti gbẹ,
afẹ́fẹ́ ló ń fà,
ó ń fà á tọkàntọkàn, kò sì pẹ́ ní sẹ́kọ́ńdì kan.
“Aago kò ní ahọ́n,” ni Ṣódípọ̀ wí,
ó ń fi ègé ẹ̀pà ta eyín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.
Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnì iwájú rẹ̀ kú.
Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, kò dá mi lóhùn,
bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ìyá oníǹkan ti kìlọ̀ fún.
Mo bínú. Èmi tí mo ń fọ ẹnu rẹ̀ láràárọ̀!

Alẹ́ Ọjọ́rú kan, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́;
a jẹ oníepo ní gbèsè.
Iná dé ní aago mẹ́ta òru.
Oníhò-Mẹ́fà kò bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé dúró.
Ó ti yí padà sí ipò àkọ́kọ́, ilé rẹ̀,
ó gbàgbé aago, ó gbàgbé kọ̀ǹpútà,
ó gbàgbé igo kẹjọ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Igo kẹjọ, ti yèyé mi ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Yèyé mi tó ń fi òkúta tẹ àpò gbágùúdá mọ́lẹ̀
ní ọjọ́ mẹ́rin, tí òtútù bá mú, márùn-ún;
kò ka ọjọ́ náà, imú ló fi ń béèrè.
Mo tan iná fóònù, mo fi eyín dì í mú,
mo tẹ bọ́tìnì.
Ó gbọ́.
Kọ̀. Omi rẹ̀ wọlé, ó rí bàìbàì nínú rọ́bà.
Mo ka ọgọ́fà lẹ́nu ara mi.
Kọ̀.

Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé mi.
N kò tíì sọ ọ́ fún un. Mo mọ ohun tí yóò wí:
“Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ kọ́ mi ní gàrí?”

Ṣódípọ̀ ti fẹ̀yìntì, ó ń sin ẹja ní Orù.
Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé kan mọ́ ìdí àpótí náà:
Bí iná bá lọ tó dé, má gbà á gbọ́.
Bi í níbi tó wà.

Mo máa ń bi í.